Hítà wo ni kí n rà? Ẹ kọ́kọ́ wo omi ilé yín ná

Ojúlùmọ̀ mi kan pè mí pé òun fẹ́ ra hítà tí yóò máa mú omi ìwẹ̀ gbóná. Ó ní láàárín A. O. Smith, Ariston àti Rheem, èwo ni kí òun rà? Mo ní ká tó dé ibẹ̀, omi ilé rẹ̀ máa ń tutù tó báwo ní ìdájí? Ó ní òun ò mọ̀. Mo ní táńkì omi tó wà lókè, mítà mélòó ló fi ga ju orí ṣáwà lọ? Ó ní ṣé torí hítà ni gbogbo ìbéèrè yìí?

Torí hítà ni. Nínú gbogbo hítà tí mo ti rí tó já àwọn tó rà á kulẹ̀, díẹ̀ ló jẹ́ pé ẹni tó ṣe é ni kò mọ iṣẹ́. Èyí tó pọ̀ jù, hítà náà dára, ilé tí wọ́n gbé e wọ̀ ni kò bá a mu: omi kò lágbára tó, wáyà kò nípọn tó, tàbí kó jẹ́ pé ìṣírò ìlú òtútù ni wọ́n fi rà á síbi tí oòrùn ti ń mú. Orúkọ ara hítà ló máa ń kọ́kọ́ wọ̀ wá lójú, bẹ́ẹ̀ òun ló yẹ kó gbẹ̀yìn nínú ohun tí a ó yẹ̀ wò.

Omi yín ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ kó tó dé inú hítà

Níbi tí ojú ọjọ́ ti ń móoru láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin, omi inú páìpù sábà máa ń wà láàárín dígírì 25 sí 30 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Nílùú òtútù, ó lè wálẹ̀ dé dígírì 10, àní kó má tó bẹ́ẹ̀ nígbà yìnyín. Omi tí ara ń fẹ́ fún ìwẹ̀ kò sì kọjá nǹkan bíi dígírì 40 níbikíbi. Ẹni tí omi tirẹ̀ wà ní 10 ní láti fi 30 kún un. Ẹni tí tirẹ̀ wà ní 27 kò nílò ju 13 lọ. Iṣẹ́ tí hítà yín máa ṣe kò tó ìdajì ti ẹlòmíì.

Ẹ mú hítà ojú-ẹsẹ̀ wò, ìyẹn èyí tí kò ní táńkì, tó ń mú omi gbóná bó ṣe ń kọjá nínú rẹ̀. Ká ní agbára rẹ̀ jẹ́ kìlówáàtì 3.5. Níbi tí omi ti wà ní dígírì 10, tí a bá fẹ́ kó dé 40, kò ní lè mú tó lítà méjì jáde ní ìṣẹ́jú kan. Omi á kàn máa sun jáde bí omijé, ẹni tó ń wẹ̀ á sì máa gbọ̀n lábẹ́ rẹ̀. Hítà yẹn kan náà, níbi tí omi ti wà ní 27, á mú nǹkan bíi lítà mẹ́rin jáde ní ìṣẹ́jú kan. Bí ihò orí ṣáwà bá wẹ́, èèyàn lè fi ìyẹn wẹ̀ tẹ́rùn. Hítà kékeré tí kò ní wúlò fún ará ìlú òtútù lè tó yín láìṣẹ́ kù.

Nítorí náà, tí ẹ bá rí i lára páálí pé hítà kan ń mú lítà báyìí-báyìí jáde ní ìṣẹ́jú kan, ẹ wá iye dígírì tí wọ́n ní yóò fi kún ooru omi, èyí tí wọ́n fi ṣírò rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ kan ni wọ́n sábà máa ń kọ ọ́ sí, pẹ̀lú àmì ΔT. Hítà méjì lè kọ iye lítà kan náà, kó jẹ́ pé dígírì 25 ni ọ̀kan fi ṣírò, kí èkejì fi 15 ṣe tirẹ̀. Wọn kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn rárá.

Hítà alátáńkì náà ní ìṣírò tirẹ̀. Lítà 50 omi tó gbóná dé dígírì 60, tí ẹ bá fi omi 27 là á títí tó fi di 40, á di bíi lítà 125. Ká ní omi tútù yín jẹ́ dígírì 10 ni, kò ní ju bíi 83 lọ. Ẹni tó bá lo ìṣẹ́jú márùn-ún lábẹ́ ṣáwà tó ń tú lítà mẹ́jọ jáde ní ìṣẹ́jú kan ti lo 40. Ẹ ò rí i pé táńkì lítà 50 lè wẹ ẹni mẹ́ta tẹ̀léra. Tí ẹni tó ń tajà bá ní hítà tí kò tó lítà 100 kò lè tó ilé yín, ẹ ṣe ìṣírò yìí lójú rẹ̀ kẹ́ ẹ tó mú owó jáde. Táńkì tó tóbi ju ohun tí ẹ ń lò lọ ń jẹ iná láti fi tọ́jú ooru omi tí ẹnikẹ́ni kò wẹ̀, ó sì ń wúwo lára ògiri yín lójoojúmọ́.

Iná tó ń jẹ náà dín kù. Láti gbé lítà 50 kúrò ní 27 dé 60, yúníìtì iná kan àti mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ló ń gbà. Láti 10, ó sún mọ́ yúníìtì mẹ́ta. Tí irin tó ń mú omi gbóná nínú táńkì bá jẹ́ kìlówáàtì 1.5, nǹkan bíi wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni omi yín fi ń gbóná délẹ̀.

Bí táńkì òkè ṣe ga tó

Ibi tí mo ti rí àbámọ̀ jù nìyí. Hítà ojú-ẹsẹ̀ ní nǹkan kan nínú bíi bọ́tìnnì, omi fúnra rẹ̀ ló ń tẹ̀ ẹ́. Tí omi kò bá fi agbára kọjá, bọ́tìnnì náà kò ní wọlé, iná kò ní dé ara irin, omi tútù lẹ máa rí. Ẹni tó rà á á ní ayédèrú ni wọ́n tà fún òun, á gbé e padà lọ, á gba òmíràn tí orúkọ rẹ̀ dún ju ti àkọ́kọ́ lọ, ìyẹn náà á tún ṣe bákan náà.

Omi tó ń ti táńkì òkè ilé wá kò ní agbára kankan ju ti gíga rẹ̀ lọ. Mítà kan tí ojú omi bá fi ga ju orí ṣáwà lọ, bar 0.1 ni agbára tó fún yín. Bí táńkì náà gba ẹgbẹ̀rún kan lítà, bó gba ẹgbẹ̀rún márùn-ún, kò yí i padà. Tí ìwé hítà bá sọ pé ó kéré tán bar 0.3 lòun ń fẹ́, mítà mẹ́ta ni ojú omi gbọ́dọ̀ fi ga ju orí ṣáwà, kódà nígbà tí omi bá ti ń tán lọ nínú táńkì. Ọ̀pọ̀ ilé tí táńkì wọn jókòó sórí òrùlé lásán kò ní tó bẹ́ẹ̀, pàápàá fún yàrá ìwẹ̀ tó wà ní àjà òkè pátápátá. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ ló ń jẹ̀gbádùn.

Ẹ má méfò. Ẹ gbé garawa lítà 10 sábẹ́ ṣáwà, ẹ ṣí i tán, ẹ wo aago. Tó bá kún ní ìṣẹ́jú méjì, lítà márùn-ún ló ń jáde ní ìṣẹ́jú kan, ẹ lè máa ronú hítà ojú-ẹsẹ̀. Tó bá gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ, ẹ gbàgbé rẹ̀, àfi èyí tí wọ́n kọ́ pọ́ǹpù mọ́ nínú. Hítà alátáńkì kò ní wàhálà yẹn. Bí omi bá wọlé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, á gbóná pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, á sì jáde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Wáyà àti ẹ̀mí èèyàn

Hítà ojú-ẹsẹ̀ kìlówáàtì 5.5, lórí iná fóltì 230, ń fa ampere 24. Ìyẹn kọjá ohun tí sọ́kẹ́ẹ̀tì tí a ń ki fóònù àti fáànù bọ̀ lè gbé. Wáyà tó nípọn, tó jẹ́ tirẹ̀ nìkan, tó ti ojú bọ́ọ̀dù iná wá tààrà, pẹ̀lú bíréékà tirẹ̀, ló yẹ kó ní. Tí ẹ bá fi í mọ́ wáyà tín-ín-rín, wáyà náà á máa gbóná nínú ògiri láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí i, títí ọjọ́ tí òórùn rọ́bà jíjó á fi sọ fún yín. Ilé tó bá ń lo jẹnẹrétọ̀ tàbí ínfátà nígbà tí iná bá lọ, hítà kìlówáàtì 5.5 kì í ṣe ẹrù rẹ̀. Alátáńkì kìlówáàtì 1.5 ló bá a mu. Omi tó ti gbóná nínú rẹ̀ sì lè wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí lẹ́yìn tí iná ti lọ.

Nǹkan méjì wà tí ẹ kò gbọ́dọ̀ fojú fò rárá. Ọ̀kan ni wáyà ẹ́ẹ̀tì tó wọlẹ̀ lóòótọ́. Mo tẹnu mọ́ ọn torí mo ti rí èyí tí wọ́n ká sílẹ̀ lẹ́yìn hítà láìso ó mọ́ ibì kankan. Èkejì ni bíréékà tó ń já iná fúnra rẹ̀ tí iná bá ti ń yọ́ jáde, irú èyí tí wọ́n kọ 30 mA sí lára. Ara tó tutù, ẹsẹ̀ lásán lórí ilẹ̀ tó lómi: kò síbi tí iná ti rọrùn láti pa èèyàn tó yàrá ìwẹ̀. Tí owó bá ṣẹ́ kù díẹ̀, ẹ ra hítà tí orúkọ rẹ̀ kò dún tó bẹ́ẹ̀, kẹ́ ẹ fi ìyókù san owó rìwáyà tó mọ iṣẹ́.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú táńkì

Ọ̀pọ̀ táńkì hítà, irin lásán ni, tí wọ́n fi nǹkan bíi gíláàsì lé inú rẹ̀ kí omi má bàa kan irin. A. O. Smith, ilé-iṣẹ́ Milwaukee ní Amẹ́ríkà, ló gba ẹ̀tọ́ ọ̀nà yìí lọ́dún 1936, àwọn yòókù sì ń ṣe irú rẹ̀ báyìí. Ṣùgbọ́n gíláàsì yìí kì í bo gbogbo ojú irin tán. Ihò bíńtín á wà níbì kan, omi á sì rí i. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi ọ̀pá mágínísíọ̀mù kan há inú táńkì, tí wọ́n ń pè ní ánóòdù. Mágínísíọ̀mù ń yára jẹ ju irin lọ, nítorí náà òun ni omi ń kọ́kọ́ jẹ. Ó ń fi ara rẹ̀ gba ìyà táńkì. Ọjọ́ tó bá jẹ tán, ó kan táńkì.

Mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n tú ọ̀kan jáde nínú hítà ọlọ́dún márùn-ún kan tó ń da omi pupa. Ọ̀pá tó nípọn tó àtàǹpàkò nígbà tó jẹ́ tuntun ti di wáyà tín-ín-rín kan, tí ẹ̀fun funfun díẹ̀díẹ̀ rọ̀ mọ́ bí èèpo ẹyin. Kò sí mágínísíọ̀mù kankan lára rẹ̀ mọ́. Isàlẹ̀ táńkì náà ti dípẹtà débi pé tí o bá fi ìka tẹ̀ ẹ́, á ya. Ẹni tó ni ín kò gbọ́ rí pé nǹkan kan wà níbẹ̀ tó yẹ kí òun máa pààrọ̀. Bẹ́ẹ̀ owó ọ̀pá yẹn kéré gan-an sí owó hítà tuntun. Tó bá pé ọdún méjì, ẹ jẹ́ kí wọ́n tú u wò. Tó bá ti jẹ ju ìdajì lọ, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Àwọn táńkì kan wà tó jẹ́ irin stainless. Wọ́n dára, àmọ́ iyọ̀ inú omi ni ọ̀tá wọn. Ẹni tí kànga rẹ̀ wà létí òkun, tí omi rẹ̀ ń ta sí iyọ̀, kó má rò pé stainless kò lè jẹ.

Ẹ tún wo inú kẹ́tùlù yín. Tí ẹ̀fun bá ti dì mọ́ isàlẹ̀ rẹ̀, ohun tó ń bọ̀ wá dì mọ́ irin hítà yín náà nìyẹn, á sì máa jẹ́ kí irin náà gbóná ju bó ṣe yẹ lọ títí á fi jó. Irú omi bẹ́ẹ̀, ẹ wá hítà tí wọ́n fi irin náà sínú àpò tirẹ̀ kí omi má kàn án, tàbí ó kéré tán èyí tí wọ́n fi Incoloy, irin àpòpọ̀ kan tí kì í tètè jẹ, ṣe dípò bàbà. Ẹ bi òǹtajà léèrè bóyá ó rọrùn láti tú isàlẹ̀ rẹ̀ fọ̀.

Ẹ má fi táńkì sí dígírì 40

Ó dà bí ọgbọ́n. Tó bá jẹ́ pé 40 lara ń fẹ́, kí ló dé tí mo fi ń gbé omi dé 60? Ìdí ni kòkòrò kan tó ń jẹ́ Legionella, èyí tí ayé mọ̀ lẹ́yìn ọdún 1976, nígbà tí àìsàn kan bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ológun fẹ̀yìntì tó pàdé ní Philadelphia. Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ láàárín dígírì 20 sí 45 ni ibi ìdàgbà rẹ̀. Táńkì tí ẹ fi sí 40, ilé ni ẹ kọ́ fún un yẹn. Èèyàn kì í kó o láti inú mímu. Ìkùukùu omi ṣáwà ló ń gbé e wọ ẹ̀dọ̀fóró. Níbi tó móoru, omi tó ń wọlé ti wà nínú ìwọ̀n tó fẹ́ tẹ́lẹ̀, nítorí náà ẹ̀yin gan-an lọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Dígírì 60 ń pa á.

Omi 60 sì lè bó ọmọdé láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ péré. Ohun tí a fi ń mú méjèèjì bára mu ni fáàfù tó ń po omi gbígbóná mọ́ tútù fúnra rẹ̀ kó tó dé ẹnu ẹ̀rọ. Ilé tó bá ní ọmọ wẹ́wẹ́ tàbí àgbà tí ara rẹ̀ kò yá mọ́, kí wọ́n má fi í falẹ̀. Hítà ojú-ẹsẹ̀ kì í tọ́jú omi, kò ní wàhálà táńkì yìí.

Oòrùn, afẹ́fẹ́, gáàsì

Tí òrùlé bá wà tí igi kò bò, hítà oòrùn ni mo fẹ́ràn jù fún ilé tó móoru. Irú èyí tó wọ́pọ̀ kò ní pọ́ǹpù: omi tó gbóná ń fúyẹ́, ó ń gun òkè wọ táńkì, tútù á sọ̀kalẹ̀ wá rọ́pò rẹ̀. Wọ́n á fẹ́ ta onítúùbù gíláàsì fún yín pé òun ló lágbára jù. Nílùú òtútù, bẹ́ẹ̀ ni, torí túùbù náà kì í jẹ́ kí òtútù ìta gba ooru rẹ̀. Níbi tí afẹ́fẹ́ ìta fúnra rẹ̀ ti gbóná, pátákó pẹlẹbẹ ń ṣe iṣẹ́ náà dáadáa, kì í sì í fọ́ bíi túùbù. Ẹ ṣáà jẹ́ kí káfíńtà wo òrùlé kọ́kọ́; lítà 200 omi nìkan jẹ́ kílò 200.

Heat pump ń fa ooru inú afẹ́fẹ́ sínú omi, bí fíríìjì tí a dojú rẹ̀ kọ ẹ̀yìn. Fún yúníìtì iná kan tó jẹ, ó lè fún omi ní ooru yúníìtì mẹ́ta, bí ìta bá sì ṣe gbóná tó ló ń ṣe dáadáa tó. Owó rẹ̀ ga, ó ń fẹ́ àyè, nítorí náà ilé tí èèyàn pọ̀ ló lè jèrè rẹ̀.

Hítà gáàsì dára níbi tí iná kò ti ṣeé gbára lé. Ṣùgbọ́n èyí tí kò ní páìpù tó ń gbé èéfín rẹ̀ jáde síta, ẹ má gbé e wọ yàrá ìwẹ̀ láé. Gáàsì carbon monoxide tó ń jáde lára iná rẹ̀ kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, ó sì ń pani.

Ó wá kan orúkọ

Orúkọ kò sọ ibi tí wọ́n ti ṣe nǹkan. Rheem àti Ruud, ilé kan náà ni, Paloma ti Japan ló sì ni ín láti 1988. Solahart tó gbajúmọ̀ nídìí hítà oòrùn ní Australia, abẹ́ Rheem ló wà. A. O. Smith ní ilé-iṣẹ́ ní China àti India. Rinnai ti Japan mọ gáàsì dunjú, Stiebel Eltron ti Jámánì ti wà nídìí hítà oníná láti 1924. Síbẹ̀, láàárín hítà tó kéré jù lówó àti èyí tó ga jù nínú ilé-iṣẹ́ kan náà, ìyàtọ̀ ibẹ̀ sábà máa ń pọ̀ ju èyí tó wà láàárín ilé-iṣẹ́ méjì lọ. Ẹ fi hítà wé hítà, ẹ má fi orúkọ wé orúkọ.

Ohun tí mo máa ń bi òǹtajà kò pọ̀. Tí irin rẹ̀ bá jó tàbí tẹmọ́sítáàtì rẹ̀, ìyẹn ohun tó ń ṣàkóso bí omi ṣe máa gbóná tó, bá kú, níbo ni mo ti máa rí òmíràn rà, ṣé ó wà nílẹ̀ báyìí kí n rí i? Ọdún mélòó ni ìwé ìdánilójú fi gbè táńkì, mélòó ló fi gbè àwọn ohun èlò inú rẹ̀? Torí wọ́n lè kọ ọdún méje gàdàgbà síwájú páálí fún táńkì, kó jẹ́ pé ọdún kan péré ni ìyókù ní. Ṣé tí mi ò bá pààrọ̀ ánóòdù, ìwé náà ti di yẹpẹrẹ? Mo tún máa ń ka pátákó kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti mọ̀ bóyá fóltì tirẹ̀ bá ti ilé mu. Orúkọ tí mo bá rí ohun èlò rẹ̀ lọ́wọ́ ni mò ń mú, bí orúkọ mìíràn tilẹ̀ lókìkí jù ú lọ.

Ojúlùmọ̀ mi wọn omi rẹ̀ padà: dígírì 26 ní ìdájí, táńkì òkè kò sì fi ju mítà kan àti ààbọ̀ ga ju ṣáwà lọ. Ó ra alátáńkì lítà 50, nínú èyí tí ohun èlò rẹ̀ wà nítòsí rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n gbé e sókè ló tún pè mí, ohùn rẹ̀ kò balẹ̀: omi ń kán lára fáàfù kékeré tó wà nísàlẹ̀ hítà, ṣé kí òun fi nǹkan dí i? Mo ní kó má dán an wò. Omi ń wú tó bá gbóná; lítà 50 tó kúrò ní 26 dé 60 á fi ohun tó ju ìdajì lítà lọ pọ̀ sí i, fáàfù náà kì í sì í jẹ́ kó padà sẹ́yìn sínú páìpù. Ibi tó ń gbà jáde nìyẹn. Tí wọ́n bá dí i, táńkì ni yóò gba gbogbo agbára yẹn sára. Mo ní kó gbé ike sábẹ́ rẹ̀ títí píláńbà á fi fa páìpù kékeré kan láti ibẹ̀ lọ síbi ìdaminù. Mo sì ní kó mú bírò, kó kọ ọjọ́ òní sára hítà náà, kó mọ ìgbà tí ánóòdù rẹ̀ máa pé ọdún méjì.